Bí Dàhòmì ṣe di Bẹ̀nẹ̀: ìtàn Àjàṣẹ́, Àgbómẹ̀ àti Kútọnu

Ní gáréèjì Mile 2 l'Ékòó, orúkọ ìlú ni àwọn ọmọ gáréèjì ń ké, wọn kì í ké orúkọ orílẹ̀-èdè. “Kútọnu! Kútọnu! Ó ku ẹnì kan!” Ẹni tó ń lọ Àlàdá á wọlé. Ẹni tó ń lọ Parakou, tó fi ohun tó lé ní irinwó kìlómítà jìnnà sí Kútọnu fúnra rẹ̀, òun náà á wọlé. Bí o bá bi wọ́n, gbogbo wọn ló ń lọ Kútọnu. Abájọ tí ọ̀pọ̀ wa fi gbà pé ibẹ̀ ni olú ìlú Bẹ̀nẹ̀, orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa. Kì í ṣe ibẹ̀. Àjàṣẹ́ ni, èyí tí àwòrán ilẹ̀ ń pè ní Porto-Novo.

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà tún wá ń rú wa lójú. Bìní tí a mọ̀, ìpínlẹ̀ Ẹdó ló wà. Ọba Bìní kò jọba dé Kútọnu rí. Báwo wá ni àwọn aládùúgbò wa ṣe ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀? Ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìjà náà sì ti pẹ́.

Àlàdá ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ìdílé ọba tó ṣí kúrò ní Tádò, ní ilẹ̀ Tógò òde òní, ló wá ń jọba ní Àlàdá. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ọba mẹ́ta kò gbọ́ ara wọn yé lórí ẹni tí adé kàn. Ọ̀kan jókòó sí Àlàdá. Ọ̀kan gba ọ̀nà àríwá lọ, ìran rẹ̀ ló tẹ Àgbómẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ẹ̀kẹta, Te-Agbanlin, forí lé ìlà-oòrùn títí tó fi gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà.

Ibi tó gúnlẹ̀ sí kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Àwọn Yorùbá ti wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ìlú ń sọ ni pé ọdẹ mẹ́ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n sì rí abàmì ẹ̀dá kan tó yọ jáde láti inú òkìtì ọ̀gán, orí mẹ́sàn-án lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ojúbọ, ojúbọ ọ̀hún sì wà ní àdúgbò Akron di òní. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ìtumọ̀ orúkọ òrìṣà náà: Abórí-mẹ́sàn-án.

Bí ìlú kan ṣe di olórúkọ mẹ́ta nìyẹn. Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Ègùn, ọmọ Te-Agbanlin, ń pè é ní Họ̀gbónú, ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Ní 1752, oníṣòwò ará Pọtogí kan wò ó, ó ní ó jọ ìlú Porto tó wà nílé àwọn, ó sì sọ ọ́ ní Porto-Novo, Porto tuntun. Òwò ẹrú ló gbé e wá. Kò pẹ́ tí Ọ̀yọ́ náà fi sọ Àjàṣẹ́ di èbúté tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó bá ara rẹ̀ ní Bahia, ní Brazil, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọkọ̀. A máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa náà wà níbẹ̀.

Àwọn kan padà wá. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Bahia ní 1835, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní Brazil, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ padà. Èkó gba tirẹ̀, Àjàṣẹ́ gba tirẹ̀. Àgùdà la pe gbogbo wọn. Lẹ́nu wa lónìí, Àgùdà ni ìjọ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n nínú àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́, àwọn tó ń kírun wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ló kọ́ mọ́sáláṣí ńlá ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, wàá kọ́kọ́ rò pé o ṣìnà: ilé ìṣọ́ méjì lọ́tùn-ún lósì, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sára ògiri, ọ̀dà aláràbarà tó ti ń ṣá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, bí i ti Bahia gan-an. Irú ilé tí àwọn bíríkìlà náà mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń fi inú rẹ̀ ṣe ló yàtọ̀.

Àgbómẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbà wá lálejò, ogun ló ń gbé kò wá. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni “inú odi.” Orúkọ ìjọba rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìjòyè kan wà tó ń jẹ́ Dan, tí àwọn àlejò wọ̀nyí ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó sú u, ó ní ṣé inú ikùn òun ni wọ́n tún fẹ́ kọ́lé sí ni? Wọ́n pa á, wọ́n kọ́ ààfin lé e lórí. Dan-ho-mẹ̀: nínú ikùn Dan. Àwọn kan ní ọba Dakodonu ló ṣe é, àwọn kan ní ọba Akaba ni. Ibẹ̀ ni Dàhòmì ti wá.

Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Láti 1730 ni Àgbómẹ̀ ti ń san ìsákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, títí ọba wọn, Ghezo, fi já okùn náà ní àwọn ọdún 1820. Ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí lára káàkiri ni àmì Ghezo: bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò ní dànù. Àrokò dídára ni, bí kì í bá ṣe pé ilẹ̀ wa ni ìkòkò ọ̀hún ti ń pọn omi. Ghezo gbógun dé Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n lé e padà. Ọmọ rẹ̀, Glele, tún wá ní 1864, wọ́n tún lé e. Kétu kò ríbi sá sí ní tirẹ̀. Ní 1886 wọ́n tú ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Kútọnu kò ju abúlé apẹja lọ, láàárín ọ̀sà Nokoué àti òkun. Ẹnu odò ikú ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Fọ̀n. Abẹ́ Àgbómẹ̀ ló wà. Ìwé àdéhùn 1868 àti 1878 ni Faransé gbé jáde pé wọ́n ti fún àwọn ní ilẹ̀ náà. Àgbómẹ̀ ní ta ló fún yín? Nígbà náà, ọba Toffa wà lórí oyè ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀rù àwọn ìbátan rẹ̀ ní Àgbómẹ̀ ń bà á, ẹ̀rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba Èkó náà ń bà á, nítorí wọ́n ti yìnbọn ńlá lu ìlú rẹ̀ ní 1861. Ó sá sábẹ́ Faransé ní 1883. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Kétu, Ṣábẹ àti Ìdáìṣà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Faransé.

Oṣù kẹta 1890 ni ọmọ ogun Àgbómẹ̀ kọlu Kútọnu, àwọn obìnrin jagunjagun wà láàárín wọn. Ní 1892 ogun gidi dé. Alfred Dodds ló kó ọmọ ogun Faransé lẹ́yìn, ọmọ Saint-Louis ní Senegal. Kí wọ́n tó wọ Àgbómẹ̀, ọba Béhanzin ti fi iná sí ààfin. Ní oṣù kìíní 1894 ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Martinique, Algiers ló sì kú sí ní 1906. Lẹ́yìn ìṣubú yìí ni àwọn Kétu tó kù padà lọ tún ìlú wọn ṣe.

Faransé wá ṣe nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Orúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun, Dàhòmì, ni wọ́n fún gbogbo ilẹ̀ náà, ìlú ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́, Àjàṣẹ́, ni wọ́n sì fi ṣe olú ìlú. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n gba orúkọ, àbúrò gba ipò. Kútọnu tí kò bá wọn dá sí i ló gba owó. Òun ló dojú kọ òkun, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ afárá èbúté sí ní 1891, ibẹ̀ ni rélùwéè tó lọ sí Parakou ti gbéra, ibẹ̀ ni èbúté ọkọ̀ òkun ńlá ṣí sí ní 1965.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960, oṣù méjì ṣáájú tiwa, ìjà àtijọ́ sì bá wọn wọlé. Olóṣèlú mẹ́ta ló wà: Apithy ni Àjàṣẹ́ ń tẹ̀lé, Ahomadégbé ni Àgbómẹ̀ ń tẹ̀lé, Maga ni àríwá ń tẹ̀lé. Láti 1963 sí 1972, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni àwọn ológun gbàjọba. Ní 1970 wọ́n tiẹ̀ gbà pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fi ọdún méjì méjì ṣe ààrẹ ní yíyípo. Maga ṣe tirẹ̀ tán, ó gbé e fún Ahomadégbé. Oṣù márùn-ún péré ni ìyẹn lò, ológun kan, Mathieu Kérékou, gbàjọba, kò sì kan Apithy mọ́.

Kérékou rí i pé bí a bá ń pe gbogbo wa ní Dàhòmì, Àgbómẹ̀ la ń pè. Ará àríwá kì í ṣe ọmọ Dan, ọmọ Kétu tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú kò sì fẹ́ jẹ́ orúkọ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, ó pa á rẹ́, ó sì mú orúkọ apá òkun tó wà níwájú wọn. Àwọn ará Yúróòpù ti ń pe apá òkun yẹn ní òkun Bẹ̀nẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí ìjọba Bìní tí okìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀nà tí orúkọ ará Ẹdó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Orúkọ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè sọ pé tòun ni, òun ló bá gbogbo wọn lára mu.

Àjàṣẹ́ ṣì ni olú ìlú nínú ìwé, àwọn aṣòfin sì ń jókòó níbẹ̀. Kútọnu ni ààrẹ ń gbé. Nínú ìkànìyàn 2013, Kútọnu ní 679,012 ènìyàn, Àjàṣẹ́ kò sì tó ìdajì rẹ̀. Nígbà tí mo kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ kẹ́yìn, ìyá aláṣọ tó jókòó tì mí ní Àjàṣẹ́ lòun máa bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ yíjú padà, ó ní, “Họ̀gbónú?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a bọ́ síwájú, Porto-Novo ni wọ́n kọ sára pátákó ojú ọ̀nà, pẹ̀lú àmì ọfà tó tọ́ka sí ọ̀tún.