Àpèjúwe irinṣẹ́ fún éjẹ́ǹtì AI

Àpèjúwe irinṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ mọ́ irinṣẹ́ kan kí éjẹ́ǹtì AI lè mọ iṣẹ́ tí irinṣẹ́ náà ń ṣe, ìgbà tó yẹ kó pè é, àti ohun tó gbọ́dọ̀ fi fún un. Éjẹ́ǹtì ni ètò tó gbára lé módẹ́lì èdè, ìyẹn AI tó ń ka ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́, láti jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn bá rán an. Irinṣẹ́ tí à ń wí níbí kì í ṣe òòlù tàbí ayùn. Kóòdù kékeré kan ni, tó lè wo ọjà tó kù, ṣírò owó tàbí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Módẹ́lì kì í rí kóòdù inú irinṣẹ́. Ohun tó ń rí ni orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, àti ìlànà ohun tó ń gbà wọlé, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ ní JSON Schema, ìlànà tó ń sọ irú ohun tí ètò kan ń gbà. Bó bá yan irinṣẹ́ kan, á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó fẹ́ fi fún un. Ètò tó gbé módẹ́lì náà dání ló máa pe kóòdù, á sì gbé èsì padà wá. Ilé-iṣẹ́ OpenAI mú ọ̀nà yìí wọ API rẹ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ètò mìíràn ń gbà bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà Model Context Protocol jáde, tí wọ́n ń pè ní MCP, kí irinṣẹ́ kan náà lè bá onírúurú éjẹ́ǹtì ṣiṣẹ́.

Àpẹẹrẹ aládìrẹ Òṣogbo

Ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ká ní ìyá aládìrẹ kan níbẹ̀ fẹ́ kí éjẹ́ǹtì máa bá òun dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Oníbàárà kọ̀wé pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún ṣì wà?” Bí irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bá ń jẹ́ wa_aso, tí àpèjúwe rẹ̀ sì jẹ́ “ó ń wá aṣọ”, módẹ́lì ò lè mọ̀ bóyá aṣọ tó wà ní ìsọ̀ ló ń wá ni àbí èyí tí wọ́n ti tà. Èyí tó yè kooro á rí báyìí:

“Ó ń wo àdìrẹ tó kù ní ìsọ̀ lónìí. Lò ó nígbà tí oníbàárà bá béèrè bóyá aṣọ kan wà. Kì í sọ iye owó. Irinṣẹ́ iye_owo ni kí o pè fún ìyẹn. Irú aṣọ tó ń gbà ni eleko tàbí oniko. Iye yáàdì tó kù ló ń dá padà. Bí kò bá sí rárá, 0.”

Gbólóhùn tó sọ ohun tí irinṣẹ́ kì í ṣe ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ló ń ya irinṣẹ́ méjì tó jọra sọ́tọ̀.

Owó tún lè dá wàhálà sílẹ̀. Kọ́bọ̀ ni API Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbà, kì í ṣe náírà: 5,000 náírà gbọ́dọ̀ wọlé bí 500000. Bí àpèjúwe bá kàn sọ pé “iye owó”, tí módẹ́lì sì fi 5000 ránṣẹ́, aṣọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti di àádọ́ta náírà nìyẹn. Ọjọ́ náà ńkọ́? Lójú ará Nàìjíríà, 08/07 jẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù keje. Lójú ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ni. Ẹni tó fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun, tó máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ, kò ní fẹ́ kí wọ́n ṣi èyí kà. Nítorí náà, àpèjúwe tó dáa á ní kí wọ́n kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé e: 2025-08-07.

Àmì ohùn

Lọ́dọ̀ OpenAI àti Anthropic, orúkọ irinṣẹ́ kì í gba àmì ohùn. Owó, òwò, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ á wá di owo kan ṣoṣo, inú àpèjúwe nìkan ni ìyàtọ̀ wọn ti lè hàn. Orúkọ ìlú yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Òṣogbo, Osogbo àti Oshogbo nínú ìwé. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, àkópọ̀ ni. Lẹ́tà ṣ sì wà tó ní àmì kíkán nísàlẹ̀, òmíràn ní ìlà. Ojú ènìyàn lè rí i bí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ò ní gbà. Irinṣẹ́ tó ń wá orúkọ gbọ́dọ̀ sọ irú àkọtọ́ tó ń gbà.

Ewu

MCP fàyè gba àmì tó ń sọ pé irinṣẹ́ kan ń kà nìkan, tàbí pé ó lè ba nǹkan jẹ́, àmọ́ ìlànà náà kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbára lé àmì tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn ò fọkàn tán. Àpèjúwe pàápàá lè jẹ́ pańpẹ́: ẹnì kan lè fi àṣẹ pa mọ́ sínú rẹ̀, kí módẹ́lì lè kó àṣírí oníbàárà jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ni éjẹ́ǹtì mọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò kì í fi gbogbo àpèjúwe han aṣàmúlò.