Àìtó ẹ̀jẹ̀ tí aràn ń fà

Tí nọ́ọ̀sì bá fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ọmọ wálẹ̀, inú ibẹ̀ ló ń wò. Ó yẹ kó pọ́n. Tó bá funfun bí ògì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀. Ibà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ibà sì ń jẹ ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé aràn.

Aràn gígùn bí ekòló tí ọmọ máa ń ṣu jáde, oúnjẹ ló ń bá ọmọ pín. Èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ gan-an ni hookworm, aràn tíńtín tí orí ẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, tí gígùn ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ilẹ̀ tútù tí èèyàn ti yàgbẹ́ sí ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, irú ilẹ̀ abẹ́ ìbòji oko kòkó. Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ló ń gbà wọlé, ojú ibẹ̀ á sì máa yún. Á bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, á gùn wá sí ọ̀fun, èèyàn á gbé e mì láìmọ̀, ó di inú ìfun. Níbẹ̀ ló ti ń gé ara ìfun jẹ, tó sì ń tu nǹkan sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì.

Ẹyọ kan nínú irú tí wọ́n ń pè ní Necator ń fa bíi mílílítà 0.03 lóòjọ́. Kò tó ẹ̀kán kan. Tí wọ́n bá pé 100 ńkọ́? Mílílítà 3 nìyẹn, irin inú ẹ̀ sì tó bíi mílígíráàmù 1.5. Bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ara ń rí gbà nínú oúnjẹ òòjọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Irin ni ara fi ń ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri. A ní ìwọ̀nba tó wà ní ìpamọ́ nínú ẹ̀dọ̀, bí owó àjọ. Ibẹ̀ ni ara á kọ́kọ́ máa yọ. Ìdí nìyí tí kò fi ní hàn lójú fún ìgbà pípẹ́, ìgbẹ́ pàápàá kì í sábà pupa. Ìgbà tí àjọ bá tán ni ọmọ á máa mí lókèlókè tó bá sáré díẹ̀, tí á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, tàbí kó máa bu erùpẹ̀ jẹ. Wọ́n á ní ó ya ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí.

Ní 1880, irú aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ yìí náà ló dá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ihò ọkọ̀ ojú irin Gotthard ní Switzerland wó. Inú ihò náà gbóná, ó rin, kò sì sí ṣáláńgá.

Albendazole 400 mg, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ń pa aràn yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n kò lè dá irin tó ti lọ padà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn. Kí ẹ gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìgbẹ́. Tí dókítà bá kọ oògùn irin, oṣù bíi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Aláboyún tí oyún ẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ dá oògùn aràn lò. Tí ìgbẹ́ bá sì dúdú nígbà tí ọmọ ń lo oògùn irin, oògùn náà ló sábà máa ń fà á. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a dúró.