Ẹ Wọn Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Ka Owó

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta ló ti yí kẹ̀kẹ́ eré ìje wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà, tí wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi gé e kúrú díẹ̀.” Kẹ̀kẹ́ o, kì í ṣe ṣòkòtò. Tíṣà kan wà lára wọn, kúkúrú bí èmi, 60 ni wọ́n kọ sí ìdí férémù (egungun kẹ̀kẹ́) tó rà, sẹ̀ǹtímítà ni, ti ẹni gíga. Mo ní ta ló bá a yàn án. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ ló wù ú nínú fóònù, ẹni tó tà á fún un l'Ékòó sì ti ní kó fọkàn balẹ̀, á bá a mu. Ó sanwó, ó sanwó ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ dé, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń múra ìdíje ẹlẹ́ka mẹ́ta ló ń ṣe èyí jù. Èyí tó kúrú nínú ìdíje náà, mítà 750 ni wọ́n ń wẹ̀ nínú omi, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 20, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ sá kìlómítà 5. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá yín mu, orúnkún ló máa kọ́kọ́ bá jà. Kí lẹ wá fẹ́ fi sá kìlómítà 5 tó kù?

Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ mú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan (ìwé gbèsè àtijọ́ ni mò ń lò, àwọn tó jẹ mí lówó nínú rẹ̀ kúkú ti gbàgbé), ẹ há a sáàárín itan, ẹ fà á sókè títí yóò fi kàn yín gbọ́ngbọ́n bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ṣe máa kàn yín. Ẹ má tijú. Kí ẹlòmíì fi bírò fa ìlà sí ògiri níbi tí orí ìwé dé, kó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. 80 lọ́nà 0.883, ó di 70.6. Láti àárín ibi tí apá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń yí, dé orí ìjókòó, bó ṣe yẹ kó gùn nìyẹn. 80 yẹn kan náà lọ́nà 0.67, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 54: ìwọ̀n férémù nìyẹn, fún férémù tí irin òkè rẹ̀ lọ gbọọrọ láìdagun. Greg LeMond ará Amẹ́ríkà, tó gba Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1986, 1989 àti 1990, ló jẹ́ kí ìṣirò yìí tàn káyé. Kì í ṣe òfin Mósè o. Tí ẹ bá gùn ún tí ìdí yín ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń jó, ìjókòó ti ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá di ibi bíréèkì mú tí ìgúnpá ò lè tẹ̀ rárá, férémù ló gùn jù, kò sí ohun tí sípánà mi lè ṣe sí i. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ lórí fóònù, n kò tíì rí ẹni tó jókòó sórí àwọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka eyín irin tí ṣéènì ń gùn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń gbé abẹ́ òkè Oroke kò nílò kí n sọ fún un pé ilẹ̀ wa ò tẹ́jú. Tí eléyín iwájú tó kéré bá jẹ́ 39, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn jẹ́ 25, ẹ yí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ bíi mítà 3.3. Tí iwájú bá jẹ́ 34, tí ẹ̀yìn jẹ́ 32, mítà 2.2 ni. Èyí kejì ló fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ láti fi gun òkè, òun ni kí ẹ rà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á ní ti obìnrin nìyẹn. Títì nìkan ni wọ́n sì máa ń ti kẹ̀kẹ́ tiwọn gun òkè.

Táyà: kí férémù gba èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 28. Tí etí táyà bá ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ sọ ọ́ nù. Àwọn ìwo méjì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú, tí èèyàn ń fi apá lé bí ẹni tó sùn lórí tábìlì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ọwọ́ yín ò sí níbi bíréèkì. Tí ẹ bá ń gùn pẹ̀lú ẹgbẹ́, tí táyà yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹni iwájú, tí ewúrẹ́ wá já sọ́nà, tàbí tí tírélà sìmẹ́ńtì ń bọ̀ láti Obajana, ìwo kọ́ lẹ máa fi dúró.

Ó kan ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú. Kẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin kan ń gbọ̀n tó bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ ni í ti kú, òun ló ń bá wọn gùn ún. Wọ́n da omi àdúrà sí ọrùn kẹ̀kẹ́ náà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, mo di bíréèkì iwájú mú, mo mì ín síwá sẹ́yìn, ó ń ró kọ̀, kọ̀. Ọrùn rẹ̀ ló dẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Àmọ́ omi ti wọ bẹ́ríìnì, ó ti dípẹtà, wọ́n ní láti ra tuntun. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní kèfèrí.

Àwọn wẹ́dà ni tèmi tún le sí jù. Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Tó bá lẹ̀ mọ́ férémù, irin ni, ẹni tó mọṣẹ́ lè jó o tó bá sán. Ó wúwo díẹ̀, àmọ́ òun ni mo máa ń yàn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá lẹ̀, àlùmíníọ̀mù tàbí káábọ̀n ló sábà máa ń jẹ́, iná wẹ́dà tó ń jó géètì kò mọ̀ ọ́n.

Kọ́pà kan gbé àlùmíníọ̀mù aláwọ̀ búlúù wá, ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀dà níbi ọrùn, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò ló bọ́ sílẹ̀, a rí ojú sísán lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, má gùn ún mọ́.” Ó dúpẹ́, ó gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ. Ìyẹn ní iná tó ń jó mọ́tò ni yóò jó kẹ̀kẹ́. Ní Sátidé, lọ́nà Ìyàrà, ọrùn kẹ̀kẹ́ já kúrò lára férémù nígbà tó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Akoto orí rẹ̀ là sí méjì, orí rẹ̀ kò là. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn kan ti ń sọ pé ayé ló rí i.

Mo gba férémù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e kọ́ sí ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá wo ojú ibi tó ti kán. Apá kan dúdú, ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́ tipẹ́tipẹ́. Apá kejì funfun, ó ń dán bí ṣíbí tuntun. Dúdú yẹn ti sán kó tó rà á. Èyí tó ń dán ni ti Sátidé.

Ẹni tó tà á fún un yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó ń wá túùbù. Ó gbójú sókè, ó wo férémù yẹn títí, ó wá bi mí pé èló ni mo fẹ́ tà á.