Kí ló pa tẹlifíṣàn pọ̀ mọ́ dátà orí fóònù?

Lọ́dún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà parí gbàǹjo kan tó mú kí wọ́n san owó tó lé ní $10 bílíọ̀nù fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, kí wọ́n lè yọ̀ǹda ààyè wọn lórí afẹ́fẹ́ fún fóònù, torí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti ń kún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ní, èwo ni ti tẹlifíṣàn nínú ọ̀rọ̀ dátà? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa rẹ̀ rèé.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń kún?

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń kún. Ìgbì tí ojú ò rí ni fóònù, rédíò àti tẹlifíṣàn fi ń ránṣẹ́, MHz (megahertz) la sì fi ń wọn ìgbì náà, ìyẹn iye mílíọ̀nù ìgbà tó ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá jọ wà lórí ìwọ̀n kan náà ládùúgbò kan náà, wọ́n á máa da ara wọn rú, kò sì ní sí ẹni tí ohùn rẹ̀ máa já gaara. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń pín in, tó ń fún kálukú ní ìwé àṣẹ. Gbogbo ìwọ̀n yìí lápapọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní spectrum, èyí tó sì wúlò fún fóònù nínú rẹ̀ ò tó nǹkan.

Nígbà tó jẹ́ ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lásán là ń fi fóònù ṣe, ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó. Ìgbà tí iPhone jáde lọ́dún 2007, tí tọmọdé tàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò nínú mọ́tò, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan jáde pé àwọn fẹ́ wá 500 MHz sí i láàárín ọdún mẹ́wàá. Nínú rẹ̀, wọ́n ní kí 120 ti ọwọ́ àwọn tẹlifíṣàn wá.

Kí ló dé tó jẹ́ tẹlifíṣàn ni wọ́n dójú sọ?

Torí pé àwọn ló kọ́kọ́ dé, ibi tó dáa jù ni wọ́n sì fún wọn. Ìgbì 600 MHz tí tẹlifíṣàn ń lò nígbà náà gùn tó ìdajì mítà. Ti 3,500 MHz tí 5G ń lò níbi púpọ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Ìgbì tó gùn máa ń rìn jìnnà, ó sì ń gba inú ògiri àti igi kọjá dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jáde sí ìta gbangba kí ìpè tó wọlé, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Òpó kan ṣoṣo tó bá ń lo ìgbì tẹlifíṣàn lè ká abúlé tí ti 3,500 MHz máa nílò òpó mélòó kan fún.

Ohun kejì ni pé tẹlifíṣàn ayé àtijọ́, èyí tí a ń pè ní analog, ń fi ààyè ṣòfò. Ní Amẹ́ríkà, ìkànnì kan gba 6 MHz, ètò kan ṣoṣo ló sì lè gbé. Nígbà tí digital dé, 6 MHz yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní June 12, 2009, wọ́n pa analog àwọn tẹlifíṣàn ńlá níbẹ̀. Ìjọba ti ń há káádì ẹ̀dínwó $40 káàkiri ṣáájú, méjì fún ilé kan, kí àwọn tó ní tẹlifíṣàn àtijọ́ lè fi ra àpótí tó máa yí àwòrán padà. Ìkànnì 52 títí dé 69 bọ́ sílẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n lù ní gbàǹjo lọ́dún 2008, tó mú nǹkan bíi $19 bílíọ̀nù wọlé. Ìyẹn ni ìgbà kìíní tí wọ́n gba ààyè lọ́wọ́ tẹlifíṣàn. Ti 2017 ni ìkejì, òun ló sì lárinrin jù.

Ṣé tẹlifíṣàn ló ni ìgbì náà ni, tí wọ́n fi ń sanwó fún wọn?

Wọn ò ni ín o. Ìwé àṣẹ ló wà lọ́wọ́ wọn, ìjọba ló sì fún wọn. Ó bí àwọn kan nínú pé ẹni tí kò ra nǹkan tún ń gbowó lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ó sàn ju ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ lọ, nítorí kò sí ilé iṣẹ́ tó máa fi ibi tó ń jẹ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ láìrí nǹkan kan gbà. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà mọ èyí, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù kejì ọdún 2012 pé kí FCC pín owó gbàǹjo pẹ̀lú tẹlifíṣàn tó bá fínnú-fíndọ̀ yọ̀ǹda tirẹ̀.

Gbàǹjo tí a mọ̀, owó máa ń gòkè ni. Eléyìí ní apá méjì. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tẹlifíṣàn, FCC á dá owó ńlá lé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á wá máa gé e sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ó ti kéré jù á jáde, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọ̀dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ fóònù, owó ń gòkè. Ó di dandan kí apá méjèèjì pàdé kí ọjà tó tà.

March 29, 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: 126 MHz ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó jọ, àwọn tẹlifíṣàn sì ní àfi $86.4 bílíọ̀nù. Àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ò sún mọ́ ọn rárá. Wọ́n dín in kù sí 114, lẹ́yìn náà 108, kò tíì bọ́ sí i. Ìgbà tó di 84 MHz, tí owó tẹlifíṣàn wá já sí $10.05 bílíọ̀nù, ni ọwọ́ wọn tó bọ́ sínú ara wọn. Àwọn olùrà san $19.8 bílíọ̀nù lápapọ̀. T-Mobile nìkan san nǹkan bíi $8 bílíọ̀nù. Ó lé ní $7 bílíọ̀nù tó wọ àpò ìjọba. WWTO, tẹlifíṣàn ẹlẹ́sìn Kristẹni kan ní agbègbè Chicago, gba nǹkan bíi $304 mílíọ̀nù. Kò sí ìkànnì kan tó gbà jù ú lọ.

Àwọn tó gbowó, ṣé wọ́n kógbá sílé ni?

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Nínú 175 tó gbowó, 30 sọ̀ kalẹ̀ sórí ìgbì VHF, tí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ò nílò. Àwọn 133 ní àwọn máa bá ilé iṣẹ́ mìíràn pín ìkànnì kan lò, digital ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Òǹwòran ẹlòmíràn ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Àwọn tí kò tà ńkọ́?

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà, àwọn ènìyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká ní àwọn kan ta ìsọ̀ wọn nínú ọjà, tí ọ̀kan wà lẹ́nu géètì, tí òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláta, ẹni tó rà á ò lè kọ́ ilé ìtajà ńlá sórí ìsọ̀ jákujàku. Àfi kí àwọn tó kù sún sí apá kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí tẹlifíṣàn 957 tí kò ta nǹkan kan ṣí lọ sí ìkànnì mìíràn, kí gbogbo wọn lè wà láti ìkànnì 36 wá sísàlẹ̀.

Ṣíṣí ìkànnì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde máa yí padà. Áńtẹ́nà tó wúwo tó mọ́tò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa gòkè lọ sórí òpó; àwọn òpó kan sì wà, irú èyí tó wà ní North Dakota, tó ga ju mítà 600 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, nígbà òjò dídì ẹ̀wẹ̀, gígun òpó ò ṣeé dábàá. FCC pín in sí ìpele mẹ́wàá. $1.75 bílíọ̀nù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi dá owó padà fún àwọn tó ná an ò tó, ilé aṣòfin fi $1 bílíọ̀nù kún un lọ́dún 2018. July 13, 2020 ni àkókò tí wọ́n dá fún gbogbo iṣẹ́ náà parí, nínú Kòrónà.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni òfin de máíkì aláìníwáyà tó ń lo 617 sí 652 àti 663 sí 698 MHz. Ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ Yorùbá ní Houston tàbí Chicago tó ṣì ń fi irú máíkì bẹ́ẹ̀ wàásù ní láti ra òmíràn. FCC ò dá owó ìyẹn padà o.

Ṣé ìṣòro ọ̀hún ti wá tán?

Ó rọjú díẹ̀. T-Mobile tan ìgbì náà ní Cheyenne, ìpínlẹ̀ Wyoming, ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé 5G wọn lé ní oṣù kejìlá 2019. Àwọn ará oko tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dé ọ̀dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní jù. Ṣùgbọ́n ìgbì tó ń rìn jìnnà yìí ò fẹ̀. Nínú ìlú tí èrò ti pọ̀, òun nìkan ò lè gbé gbogbo fídíò tí wọ́n ń wò, wọ́n ṣì nílò ìgbì gíga bíi 3,500 MHz àti òpó púpọ̀.

Nàìjíríà ńkọ́?

Nígbà àpérò àgbáyé lórí ìgbì rédíò lọ́dún 2012, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti ti Lárúbáwá ló ta kú pé kí wọ́n ṣí 700 MHz tí tẹlifíṣàn ń lò sílẹ̀ fún fóònù. A ò sùn nígbà yẹn. Ìmúṣẹ ló fà. June 17, 2015 ni ọjọ́ tí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva dá fún pípa analog, ó sì kọjá lórí wa. Jos bẹ̀rẹ̀ digital lọ́dún 2016, Òṣogbo dé bá a lọ́dún 2018, Èkó tó jẹ́ olórí ọjà, ó di oṣù kẹrin ọdún 2021.

Ohun kan wà tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ní Amẹ́ríkà, FCC kan náà ló ń ṣàkóso tẹlifíṣàn àti fóònù. Lọ́dọ̀ tiwa, NBC ló ni ti tẹlifíṣàn, NCC ló ni ti fóònù. Nígbà tí MTN fẹ́ 700 MHz, NBC ni wọ́n san ₦34 bílíọ̀nù fún, kì í ṣe NCC. Kí àjọ méjì tó fẹnu kò lórí ohun tí ọ̀kan máa kó sílẹ̀ tí èkejì máa tà, ọjọ́ á ti lọ.

Bí wọ́n bá pa analog lọ́la, tẹlifíṣàn mi ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo DStv tàbí GOtv, digital lẹ ti ń wò látọjọ́ yìí, kò kàn yín. Ẹni tó ṣì ń fi áńtẹ́nà orí òrùlé wo NTA tàbí tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló kàn: á ra àpótí FreeTV, tó máa yí àwòrán digital padà fún un, á so ó mọ́ tẹlifíṣàn àtijọ́ náà, á sì jẹ́ kó wá ìkànnì fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣàn yẹn ò di nǹkan ìdànù.