Alex Otti: báwo ni ọ̀gá báńkì ṣe di gómìnà Ábíá?

Bí ìròyìn gómìnà Ábíá bá ti jáde báyìí, àwọn kan á ní ṣebí ilé ẹjọ́ ti fi í jẹ gómìnà rí. Àwọn míì á ní òun ló ni Diamond Bank. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ṣé òun ló ni Diamond Bank lóòótọ́?
Rárá o. Ọ̀gá àgbà ló jẹ́ níbẹ̀, láti 2011 sí 2014.

Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni báńkì náà kú sí?
2014 ló kúrò. 2019 ni Access Bank gbé e mì.

Ilé ẹjọ́ ti kéde rẹ̀ rí ńkọ́?
Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló sì ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Lábẹ́ APGA ló ti jáde ní 2015. INEC kéde Okezie Ikpeazu ti PDP, Otti bá gba ilé ẹjọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò dá Ikpeazu láre. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìbò ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, Obingwa, Osisioma àti Isiala Ngwa North, ó ní Otti ló wọlé. Síbẹ̀, Ikpeazu ò dìde lórí àga. Kì í ṣe agídí: òfin ìdìbò ìgbà náà gbà á láyè láti máa bá iṣẹ́ lọ títí tí ẹjọ́ á fi parí. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yí ìdájọ́ yẹn padà, ó dá Ikpeazu láre. Ọ̀gá báńkì gba ṣẹ́kì, ṣẹ́kì ò lówó nídìí.

Ìgbà wo ló wá wọlé gan-an?
Ó tún du ipò náà ní 2019, kò rí i mú. Ní 2023, lábẹ́ Labour Party, ó fi ìbò 175,467 wọlé. INEC kọ́kọ́ dá kíkó èsì jọ dúró ná nítorí èsì Obingwa. Bẹ́ẹ̀ ni, Obingwa yẹn náà.

Ṣé dandan ni kí òṣìṣẹ́ báńkì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó du gómìnà?
Òṣìṣẹ́ ìjọba ni òfin kàn ní dandan, ó kéré tán 30 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Báńkì aládàáni ò sí níbẹ̀.

Ṣé gómìnà ṣì lè máa ṣe iṣẹ́ báńkì lábẹ́lẹ̀?
Kò gbọ́dọ̀. Òfin Nàìjíríà ò fẹ́ kó máa darí òwò tara rẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. (Ẹ má bi mí ìdí tí oko fi pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú wa.) Kò sì gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì ní báńkì òkè òkun.

Ṣé kò ní fi ìpínlẹ̀ yá owó yanturu, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn?
Àwọn gómìnà tí kò mọ ojú báńkì náà ń jẹ gbèsè. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná. Ilé ìgbìmọ̀ tí kì í béèrè nǹkan kan ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju ẹni tó mọ ìṣírò lọ. Àjọ DMO, tó ń bójú tó gbèsè fún ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé iye gbèsè ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹ wo ti Ábíá níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ti ìpínlẹ̀ tiyín náà.