Ẹ́ńjìnì Kékeré Lórí Kẹ̀kẹ́: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀, àti Bí Fífi Agbára Kún Un Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ẹnì kan l'Óṣogbo bá tú ẹ́ńjìnì lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour", tó gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, àwọn ará àdúgbò lè máa pè é ní eré ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Honda ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1946, ní ìlú Hamamatsu lórílẹ̀-èdè Japan, Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké tó máa ń yí jẹnẹrétọ̀ rédíò àwọn ọmọ ogun. Ogun ti parí, wọ́n kàn wà nílẹ̀ láìníṣẹ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin ń kún àkúnfàya nígbà náà, epo sì ṣọ̀wọ́n. Ó so ẹ́ńjìnì wọ̀nyí mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń tà wọ́n. Nǹkan bí 500 ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n tán, ó rọ tirẹ̀ ní 1947, 50 cc, tí wọ́n ń pè ní A-Type. Òun ni ọjà àkọ́kọ́ tó jáde pẹ̀lú orúkọ Honda. Ọdún kejì ló dá ilé-iṣẹ́ Honda Motor sílẹ̀.

Ọmọ ìyá ni ẹ́ńjìnì yẹn àti ti jẹnẹrétọ̀ wa. Two-stroke ni àwọn méjèèjì, àwọn tí epo ń jó ní gbogbo ìgbà tí písítìnì bá gòkè, tí a sì máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára kún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ń wá.

Dugald Clerk, ọmọ Scotland, ló gba ìwé àṣẹ lórí two-stroke ní 1881, àmọ́ tirẹ̀ nílò pọ́ǹpù ọ̀tọ̀ tí yóò máa fẹ́ epo wọ inú sílíńdà. Joseph Day ní ìlú Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú pọ́ǹpù yẹn kúrò: ó sọ ilé kíráńkì fúnra rẹ̀ di pọ́ǹpù. Bí písítìnì bá ń gòkè, ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ sábẹ́ ara rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì wọ́n lọ sókè. Ní 1892, Frederick Cock tó ń bá Day ṣiṣẹ́ yọ fáàfù tó kù. Ó fi ihò sára sílíńdà, ó sì jẹ́ kí písítìnì máa ṣí i, kó máa dí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ihò mẹ́ta péré ni: èyí tí epo ń gbà wọ ilé kíráńkì, èyí tó ń gbà gòkè sínú sílíńdà, àti èyí tí èéfín ń gbà jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ fífi agbára kún ẹ́ńjìnì kékeré ti ṣẹ̀. Nínú four-stroke, tí epo ń jó lẹ́ẹ̀kan nínú ìgòkè písítìnì méjì, ẹni tó bá fẹ́ yí àsìkò fáàfù padà gbọ́dọ̀ rọ káàmù tuntun, irin tó ń ṣí fáàfù. Nínú two-stroke, fáìlì tí a fi ń ha irin ló máa mú. Bí ihò èéfín bá ṣe ga tó ni yóò ṣe tètè ṣí tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padé.

Àrùn kan wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ihò èéfín àti ihò tí epo ń gbà gòkè máa ń wà ní ṣíṣí pọ̀ fúngbà díẹ̀, epo tútù á sì bá èéfín sá jáde. Wọ́n kọ́kọ́ fi iké sórí písítìnì láti dá epo lọ́nà, iké náà wúwo, ó sì ń gbóná jù. Láàárín 1920 sí 1930, Adolf Schnürle ní Jámánì dojú àwọn ihò ẹ̀gbẹ́, àwọn tí epo ń gbà gòkè, kọ ògiri ẹ̀yìn, kí epo lọ gbá ògiri yẹn, kó yí po, kó tó rántí ọ̀nà àbájáde. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má fi fáìlì kan igun ihò ẹ̀gbẹ́. Bó bá fi dígírì díẹ̀ yí sí ihò èéfín, epo yóò máa jò dànù, ẹ́ńjìnì á sì máa hó lásán láìfa nǹkan.

Ẹni tó fi ìwọ̀n sí ọ̀rọ̀ salẹ́ńsà ni Walter Kaaden, ní ilé-iṣẹ́ MZ ní Jámánì apá Ìlà-Oòrùn. Kò lówó tó àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá a díje. Ohun tó ṣiṣẹ́ lé lórí ni pé, bí ihò èéfín bá ti ṣí, agbára tó bú jáde ń sáré nínú páìpù bí ìgbì omi. Níbi tí páìpù ti ń fẹ̀, ìgbì tó ń fà ló ń padà wá, ó ń fa epo tuntun gòkè. Níbi tó ti ń fún, ìgbì tó ń tì ló ń padà wá, ó sì ń ti epo tó ti jáde sínú páìpù padà sínú sílíńdà kí písítìnì tó dí ihò. Ìdí nìyẹn tí salẹ́ńsà wọn fi ń wú láàárín, tó sì ń fún lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di 1961, ẹ́ńjìnì 125 cc tirẹ̀ ti ń mú agbára ẹṣin 25 wá, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ernst Degner tó ń gun alùpùpù MZ sá kúrò lẹ́yìn ìdíje kan ní Sweden, ó sì lọ bá Suzuki. Ní 1962, Suzuki gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50 cc, Degner ló gùn ún. Suzuki yìí náà ló ṣe AX100 tí Jincheng ń rọ ní China, ọ̀kadà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa fi kọ́ two-stroke kí four-stroke tó gba ìgboro.

Ìṣirò gígùn salẹ́ńsà kò le. Mú iye dígírì tí ihò èéfín fi ń wà ní ṣíṣí, fi 518 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn ìyára ìgbì ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fi 83.3 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá fi iye ìyípo ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan pín in. Ohun tó bá jáde jẹ́ mìlímítà, láti ojú písítìnì dé àárín kóònù ẹ̀yìn. Bí ihò bá ń ṣí fún dígírì 160, tí o sì fẹ́ agbára ní ìyípo 7,000, yóò jẹ́ 986. Ní ìyípo 3,000, yóò jẹ́ mítà méjì ó lé díẹ̀! Ìyípo 3,000 yìí sì ni gọ́fánọ̀ jẹnẹrétọ̀ ń dì í mú sí, torí iná wa jẹ́ 50 Hz. Nítorí náà, gọ́fánọ̀ ni a kọ́kọ́ ń yọ, a ó so wáyà ìfúnnáà mọ́ káábúrétọ̀ tààrà. Ẹ má yọ fáànù àti irin tó bò ó o. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń mú sílíńdà tutù, ẹni tó bá ṣí i sílẹ̀ kó lè rẹwà, písítìnì rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ sílíńdà.

Sílíńdà ẹ́ńjìnì yìí fẹ̀ ní mìlímítà 45, písítìnì ń rìn 40, ìyẹn 63 cc. Lẹ́yìn gọ́fánọ̀, orí ẹ́ńjìnì ló kàn: àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti písítìnì ni a fẹ́ wọ̀n. Ki léèdì tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń jó wáyà gba ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì títí yóò fi kan ògiri sílíńdà, fọwọ́ yí kíráńkì kí písítìnì kọjá òkè, yọ ọ́, wọn ibi tó ti pẹlẹbẹ. Mìlímítà 0.8 sí 1 ló dára. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, epo etí kò ní jó dáadáa, orí á máa gbóná. Tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì, fi fá orí náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì kéré sí 0.7, nígbà tí ìyípo bá ga, písítìnì lè máa kan orí.

Ihò èéfín ni kí o fi sùúrù ṣe. Gbé e sókè ní mìlímítà kan, kí o gùn ún wò kí o tó tún fáìlì. Má jẹ́ kó fẹ̀ ju 28 lọ. Rííngì máa ń wú díẹ̀ sínú ihò tó bá fẹ̀, yóò sì há sí etí rẹ̀, yóò ṣẹ́. Nítorí náà, gbogbo etí tí o bá fáìlì gbọ́dọ̀ yípo, kí o sì fá a dán. Òṣogbo, ìlú tí Nigeria Machine Tools wà, kò yẹ kó ṣàìní táńà tó lè bá ọ wọn ìwọ̀n yìí.

Salẹ́ńsà tuntun máa ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, jẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú káábúrétọ̀, kò ní tó o. Fi èyí tó tóbi ní ìwọ̀n kan síbẹ̀, kí o fi gbogbo iná sáré lójú ọ̀nà tó tẹ́, pa ẹ́ńjìnì láìdín ìfúnnáà kù, kí o fa kílọ́ọ̀ṣì, yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Bó bá pọ́n bí awọ, ó dára. Bó bá funfun, epo kò tó. Ibẹ̀ ni písítìnì ti máa ń lu. Bó bá dúdú tó tutù, epo pọ̀ jù. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ké sókè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti dín iná, má yí jẹ́ẹ̀tì: síìlì kíráńkì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 50 sí 1, mìlílítà 20 nínú lítà kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, mìlílítà 31 ni kí o fi sí lítà kan, torí ìyípo tó ga ń béèrè ọ́ìlì tó pọ̀.

Ní ti ṣéènì, ìdínkù 18 sí 1 (ẹ́ńjìnì á yí lẹ́ẹ̀mejìdínlógún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) lórí táyà 26 yóò gbé ọ dé kìlómítà 48 ní wákàtí ní ìyípo 7,000. Bíréèkì onírin tí kẹ̀kẹ́ náà bá wá kò lè dá ìyára yẹn dúró, pàápàá lórí rímù tó ti tutù nígbà òjò. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó fáìlì ohunkóhun.