Kí ló dé tó jẹ́ igbákejì gómìnà nìkan ni wọ́n ń fi obìnrin ṣe?

Ẹ dákun, ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin kankan ò tíì ṣe gómìnà rí ní Nàìjíríà?

Tó bá jẹ́ èyí tí aráàlú dìbò yàn lẹ̀ ń bi mí, kò sí o. Virginia Etiaba jókòó lórí àga yẹn l'Ánámbra fún bí oṣù mẹ́ta, November 2006 sí February 2007, torí wọ́n yọ Peter Obi tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀, nígbà tí ilé ẹjọ́ dá Obi padà, màmá náà padà sídìí iṣẹ́ igbákejì ẹ̀. Kò tún sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ wá wo igbákejì. L'Èkó nìkan, Sinatu Ojikutu, Kofoworola Bucknor-Akerele, Sarah Sosan, Adejoke Orelope-Adefulire, Idiat Adebule. Márùn-ún rèé láti 1992! Ọ̀ṣun ní Olusola Obada àti Titi Laoye-Tomori, Ògùn ní Noimot Salako-Oyedele láti 2019, Èkìtì ní Monisade Afuye. Iṣẹ́ wo wá ni igbákejì ń ṣe? Iṣẹ́ tí gómìnà bá gbé fún un ni, bí gómìnà ò bá gbé nǹkan kan fún un, a jẹ́ pé yóò máa lọ síbi òkú àgbà àti ìkómọ nìyẹn.

Ṣé kì í ṣe àwa olùdìbò la ò fẹ́ obìnrin?

Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò gbà. Ẹni tí wọn ò tíì fà kalẹ̀, báwo lolùdìbò ṣe máa kọ̀ ọ́? Ìdìbò abẹ́lé ni wọ́n ti ń pa wọ́n dànù. January 2011, PDP ń wá ẹni tó máa díje dupò ààrẹ, wọ́n ka ìbò l'Abuja: Jonathan 2,736, Atiku 805, Sarah Jibril 1. Ẹyọ kan péré, gbogbo èèyàn sì gbà pé òun fúnra ẹ̀ ló di ìyẹn náà. Obìnrin sì wà nínú àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wá dìbò, lọ́jọ́ yẹn o. Ṣùgbọ́n dẹ́lígéètì kì í dá ìbò dì, ẹni tó kó wọn wá, tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì wọn, ti gbé orúkọ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ṣebí ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń díje nínú ẹgbẹ́ fún obìnrin báyìí?

Apá kan ni. Ní 2022, fọ́ọ̀mù gómìnà APC jẹ́ 50 mílíọ̀nù náírà, mílíọ̀nù mẹ́wàá lobìnrin máa san nínú ẹ̀. Ó dáa, mi ò ní purọ́, àmọ́ fọ́ọ̀mù ló kéré jù nínú ìnáwó òṣèlú.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àǹtí mi kan, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tàbí ìlú. Kánsẹ́lọ̀ lásán ló fẹ́ ṣe. Mítìn wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ á fi lù, ní ẹ̀yìnkùlé alága, ọkùnrin tó bá pẹ́ níbẹ̀ di aṣáájú, obìnrin tó bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé "ṣé bàbá àwọn ọmọ gbọ́ sí i?" Ní ìlú ọkọ ẹ̀ wọ́n ní ìyàwó wa ni ẹ́, a fẹ́ràn ẹ, àmọ́ ọmọ onílùú la máa fà kalẹ̀. Ó gba ìlú bàbá ẹ̀ lọ, àwọn yẹn ní ọmọ wa ni ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ti relé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dé Abuja náà. March 1, 2022, àwọn aṣòfin da àbá tó ní kí obìnrin di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún nù, pẹ̀lú àbá pé kí wọ́n fi àga 111 kún ilé méjèèjì fún obìnrin. Àwọn obìnrin lọ pàgọ́ sí géètì wọn. Nígbà tí ìdìbò 2023 wá parí, sẹ́nétọ̀ obìnrin mẹ́ta ló wọlé nínú 109, kí ẹjọ́ tó sọ wọ́n di mẹ́rin.

Kí ló wá lè ṣiṣẹ́?

Àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀, èmi ò rí nǹkan tó yá ju ìyẹn lọ. Ẹ ò ní rìn jìnnà, àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ti kọ ọ́ sínú òfin pé nínú aṣòfin 109, obìnrin 24 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹyọ kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi dìbò ní January 2023. Rwanda bẹ̀rẹ̀ ní 2003, 24 nínú 80 ni wọ́n yà sọ́tọ̀, nígbà tó fi máa di 2008 obìnrin ti di 45. Èyí tó lé yẹn, àwọn àti ọkùnrin ni wọ́n jọ dù ú.

Àwọn ìyàwó àti ọmọ ọ̀gá kọ́ ló máa kó o tán?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kó díẹ̀ nínú ẹ̀. Ọmọkùnrin ọ̀gá ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ní ká tìtorí ẹ̀ fagi lé ilé aṣòfin.

Àǹtí yín ńkọ́?

Wọ́n fi í ṣe wúmẹ̀n lídà. Òun ló ń pín ìrẹsì, òun náà ló yan àwọ̀ ankara tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fa ọkùnrin tó gba kánsẹ́lọ̀ yẹn kalẹ̀.